Ìlà Tí Kò Dé Òkè

Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Sátidé, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan èédú, ojú gbogbo wọn ti dúdú. Bang Chae-rin ló pèsè rẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Ó fọ́ èédú kan sínú abọ́ pẹrẹsẹ títí ó fi di lẹ́búlẹ́bú, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìyàgbẹ́ àdúgbò, ó sì fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré méjì tì í, irú èyí tí àwọn obìnrin fi ń pa ojú. Bí ènìyàn kan bá ti forúkọ sílẹ̀, tó gba ìbọ̀wọ́ funfun àti àwọ̀lékè pupa, yóò bẹ̀rẹ̀ síwájú tábìlì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò kùn ún ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan àti ìdajì imú, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò ya fọ́tò. Ìbọ̀wọ́ wọn ṣì funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú.

Ma Deok-su dúró nídìí ọkọ̀ akẹ́rù, ó ń wò wọ́n bí ẹni ń wo òṣìṣẹ́ tó ń nu òógùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ó ti tún bọ́ílà ṣe káàkiri Seoul kí orúnkún rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì ti di ọdún mọ́kànlá tó ti ń bójú tó èédú fún ẹgbẹ́ aláàánú kékeré kan tó ń ran àwọn arúgbó orí òkè Norumok lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ló ń kó ènìyàn jọ: ẹnì kan á sọ fún ẹnì kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí níbi iṣẹ́, àádọ́rin tàbí ọgọ́rin ènìyàn á wá, wọn á ṣiṣẹ́, wọn á mu ọbẹ̀ gbígbóná, wọn á lọ. Ọdún méjì sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ gba Chae-rin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, pé kó máa fi fóònù wá ènìyàn.

Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó rí wọn. Ó ṣe é bí apẹja tó ń dán ìdẹ wò. Ó kọ́kọ́ gbé àwòrán ọwọ́ ìyá arúgbó kan tó ti hunjọ sórí ìkànnì ẹgbẹ́. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn tẹ ọkàn pupa sí i, mẹ́fà forúkọ sílẹ̀. Ó gbé àwòrán ọ̀dọ́kùnrin kan tí èédú kùn lójú. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún ọkàn pupa, ọgọ́rùn-ún orúkọ. Láti ọjọ́ náà ni ọwọ́ ìyá arúgbó ti dàwátì lórí ìkànnì yẹn. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ bá há mọ́ inú ọkọ̀ ojú irin, tí wọn kò ní ohun mìíràn láti wò ju fóònù wọn, ló máa ń gbé ìkéde jáde, pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó ń béèrè ohun mẹ́ta péré: orúkọ, ìwọ̀n ìbọ̀wọ́, àti iye wákàtí tí ènìyàn fẹ́ kí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀rí òun. Wákàtí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè rẹ̀, ilé iṣẹ́ ń béèrè rẹ̀. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ìdíkọ̀ tó kẹ́yìn, àyè ti kún. Deok-su fẹ́ràn láti mọ bí nǹkan ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ pé ẹ̀rọ náà ń yí. Ohun tí kò tíì rí ni ohun tó ń lọ̀.

Òun náà ní ẹ̀rọ tirẹ̀. Èédú oníhò tí wọ́n ń pè ní yeontan wọn kílò mẹ́ta àtààbọ̀ ó lé díẹ̀, ó tó ìkòkò ọbẹ̀ kékeré, ihò méjìlélógún ló sì gún un láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọkọ̀ kò lè gun òkè Norumok. Ibi ilé ìyàgbẹ́ ni ọ̀nà ọkọ̀ pin sí. Láti ibẹ̀, àtẹ̀gùn ogóje ni dé ilé òkè pátápátá. Bí àádọ́rin ènìyàn bá tò, ẹnì kan lórí àtẹ̀gùn méjì-méjì, tí wọ́n kọjú síra wọn lọ́tùn-ún lósì, kò sí ẹni tó máa gbé ẹsẹ̀. Ìbàdí nìkan ni yóò máa yí. Èédú á máa lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ bí omi nínú páìpù, àádọ́jọ á sì dé òkè kí tíì tó tutù. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó di fóònù mú kò ráyè àyà.

Ilé òkè pátápátá yẹn ni ìyá àgbà Gil Bun-nyeo ń gbé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, òun sì ni Deok-su ń rò lọ́jọ́ náà. Ó ti gòkè lọ wò ó láàárọ̀ kùtù: èédú mọ́kànlá ló kù nínú àká rẹ̀, márùn-ún ló sì ń jó lójúmọ́. Wọ́n ti kéde lórí rédíò pé yìnyín yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ọ̀sán. Ìhà ibẹ̀ kì í rí oòrùn nígbà òtútù. Bí yìnyín bá ti bà lé àtẹ̀gùn, ó di dígí títí ọdún tuntun olóṣùpá yóò fi kọjá, ẹgbẹ́ kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gùn ún. Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí èédú ìyá àgbà fẹ́ tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣún un jó: ó dí ihò afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ àdògán tó ń mú ilẹ̀ yàrá gbóná kí ọ̀kan lè pẹ́ bíi méjì. Iná náà kú. Deok-su bá a ní ọjọ́ kẹta lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin, ilẹ̀ yàrá tutù bí òkúta inú odò, ikọ́ rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ àpótí nílẹ̀. Kò fẹ́ rí irú rẹ̀ mọ́.

Nítorí náà ni ó ṣe kọ orúkọ ilé mẹ́jọ sórí bébà, ti Bun-nyeo ṣáájú, ó sì fi lé Chae-rin lọ́wọ́. Àádọ́jọ fún ilé kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ̀fà lápapọ̀. Òun fúnra rẹ̀ kò lè kúrò nídìí ọkọ̀, torí ẹni tó ń sọ èédú kalẹ̀ ló ń pinnu bí ìlà ṣe ń rìn: bó bá yá jù, wọn á jù ú sílẹ̀, bó bá fà jù, wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn tàkúrọ̀sọ. Chae-rin wo bébà náà, ó ní òun ti rí i.

Ìlà bẹ̀rẹ̀. Igba ènìyàn ó dín mẹ́wàá ló wá. Bí ilé kan bá ti gba tirẹ̀, ẹni tó wà ní òpin ìlà á ké pé “Ó tó,” igbe náà á sì máa sọ̀ kalẹ̀ láti ẹnu dé ẹnu títí yóò fi dé ìdí ọkọ̀. Deok-su gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Aago mọ́kànlá kọjá díẹ̀, ọkọ̀ ṣófo. Ó yà á lẹ́nu pé ó yá tó bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé òun ti ka àwọn ènìyàn náà sí ohun tí wọn kì í ṣe.

Ó gòkè lọ wo bí wọ́n ṣe tò ó, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ó dé àká Bun-nyeo, ó ṣílẹ̀kùn. Èédú mẹ́wàá.

Ìyá àgbà jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ń bó áyù sínú abọ́ láìwo ọwọ́ rẹ̀.

“Ìyá àgbà, ṣé wọn kò gbé nǹkan kan wá síbí?”

“Ta ni?” Ó fi ọ̀bẹ nàka sísàlẹ̀. “Àwọn tó ń pariwo láti àárọ̀ yẹn? Mo rò pé ìdìbò ni.”

Deok-su pa ilẹ̀kùn àká dé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ń wo àgbàlá kọ̀ọ̀kan, ó ń kà. Ilé méje tó kù gba tiwọn. Àádọ́jọ tó ṣẹ́kù wà ní àgbàlá Ọ̀gbẹ́ni Ok Pil-ho, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú bébà, ní àárín òkè. Lára ògiri ilé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ayàwòrán ti ya ìyẹ́ funfun ńlá méjì sí i nígbà tí ìjọba ìlú ń kun àwọn òkè tálákà lọ́dà dípò kí wọ́n tún òrùlé wọn ṣe. Ènìyàn á dúró sáàárín, á dà bíi pé ó fẹ́ fò. Ènìyàn bí ọgbọ̀n ló tò síbẹ̀ tí wọ́n ń dúró de ìgbà tí ó máa kàn wọ́n. Èédú náà kò sí nínú àká, kò sí lábẹ́ òrùlé. Wọ́n tò ó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú àgbàlá ní àwòrán ọkàn, kí ẹ̀rọ kékeré kan tó ń fò kùn-ùn bí oyin lókè lè rí i yà dáadáa.

Ọ̀gbẹ́ni Ok jókòó lórí àga pẹ̀lú bùláńkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí itan rẹ̀, ó mọ́ tónítóní.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí gáàsì lẹ ń lò?”

“Gáàsì ni. Ọmọ mi obìnrin ló fà á wọlé lóṣù kẹsàn-án.”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ kò sọ fún wọn?”

“Wọn kò bi mí. Wọ́n ní kí n jókòó, mo jókòó. Wọ́n ní kí n rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n wá fún mi ní àkàrà ìrẹsì.” Ó gbé àpò rẹ̀ sókè kí Deok-su rí i. “Ó dùn. Mú ọ̀kan.”

Nísàlẹ̀, wọ́n ti ń pín tíì. Chae-rin kò jiyàn. Ó ní orúkọ Ọ̀gbẹ́ni Ok wà nínú ìwé ọdún tó kọjá, òun sì rò pé ọkùnrin tí òrùlé rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe aláìní èédú lò. Ó ní ògiri yẹn ni gbogbo wọn ń béèrè. Àwọn mìíràn wọ ọkọ̀ wákàtí méjì nítorí rẹ̀. Deok-su ní kó tún ìlà tò, kí wọ́n gbé àádọ́jọ náà lọ sókè. Ìṣẹ́jú ogún ni gbogbo rẹ̀. Chae-rin gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ bóyá a lè rí ẹni tó ṣì ní agbára díẹ̀. Igba ènìyàn ó dín mẹ́wàá wo bàtà wọn. Ètò ti parí. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un, wọ́n sì ti mu tíì rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú Deok-su ti bọ́ sára pátákó kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tíì. Àmì onígun mẹ́rin dúdú-funfun ló wà lára rẹ̀, irú èyí tí fóònù ń kà. Ẹni tí kò bá fi fóònù rẹ̀ kà á nígbà tó ń lọ, wákàtí rẹ̀ kò ní wọlé. Ó wò ó bí ó ṣe máa ń wo fáàfù ẹnu páìpù: ohun kékeré tí ohun ńlá gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ó fà á yọ, ó fi há abíyá.

“Ilé òkè pátápátá ni mò ń gbé e lọ,” ó wí, kò sì gbé ohùn sókè púpọ̀. “Ẹni tó bá ń bọ̀ wá kà á, kó mú èédú méjì dání ní ilé oníyẹ̀ẹ́. Ọwọ́ òfìfo kò ní kà á.”

Ó gòkè, ó gbé pátákó náà ti ilẹ̀kùn Bun-nyeo, ó dúró. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dé, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, èédú kan ní apá ọ̀tún, ọ̀kan ní apá òsì, àwọ̀lékè pupa ti ń dúdú níbi tó yẹ kó dúdú. Ẹni kejì tó dé jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tó ní ìmọ̀ òfin lòun ń kọ́. Ó tẹrí ba fún ìyá àgbà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Deok-su, ó ka àmì náà, ó sì tún gbé fóònù rẹ̀ sún mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kejì kó tó lọ. Deok-su rí i. Ó rò pé ti àkọ́kọ́ kò gbà ni.

Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló wá. Lẹ́yìn wọn, àtẹ̀gùn dákẹ́.

“Àwọn tó kù ńkọ́?” ó bi ẹni tó kẹ́yìn, ọkùnrin sanra kan tó jókòó sílẹ̀ tí kò lè dìde.

Ọkùnrin náà wo fóònù rẹ̀, ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ló wá dà bíi pé ó fẹ́ sunkún. “Bàbá, ẹnì kan ti ya pátákó yín. Ó fi í ránṣẹ́ sí gbogbo wa. Gbogbo wọn ti kà á níbi tí wọ́n dúró sí. Èmi nìkan ni mi ò wo fóònù.”

Deok-su rìn dé etí òkè. Ó rí àwọ̀lékè pupa tó ń ṣàn lọ síbi ìdíkọ̀ bọ́ọ̀sì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò sí èyí tó ń wẹ̀yìn. Méjìdínlógójì wọlé, méjìléláàádọ́fà ṣì wà nílẹ̀ nínú àgbàlá Ọ̀gbẹ́ni Ok, aago méjìlá ààbọ̀ sì ti lù.

Chae-rin ń ká tábìlì nígbà tó dé ìsàlẹ̀. Ó ti gbé àwòrán ọjọ́ náà sórí ìkànnì: ọkàn èédú láti òkè, ìyẹ́ funfun, Ọ̀gbẹ́ni Ok tó ń rẹ́rìn-ín. Abẹ́ rẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé ẹgbẹ̀fà èédú ti wọ ilé mẹ́jọ, àti pé kò sí arúgbó kan tí òtútù yóò mú ní Norumok lọ́dún yìí. Deok-su kà á dé ìparí. Ọ̀gá Bang ló máa ń pè é nígbà tí inú bá ń bí i.

“Ọ̀gá Bang, méje ni, kì í ṣe mẹ́jọ.”

“Mo mọ̀, Bàbá Ma. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ Ajé, màá wá nǹkan ṣe sí i.”

“Lọ́jọ́ Ajé, dígí ni gbogbo ibẹ̀.”

“Tí mo bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé a ṣe é bà jẹ́, ta ló máa wá lóṣù tó ń bọ̀? Ta ló máa dá nǹkan fún wa? Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún wọn?”

“Ìyá àgbà ni kí o lọ ṣàlàyé fún. Òun ò ní fóònù.”

Ojú obìnrin náà pọ́n. Ó kó búrọ́ọ̀ṣì méjèèjì sínú àpò, ó ní awakọ̀ ń dúró de òun, ó sì lọ.

Deok-su ṣírò. Férémù onígi tó ń gbé sẹ́yìn gba èédú mẹ́jọ, orúnkún rẹ̀ kò sì ní gba ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrìn mẹ́rìnlá. Ìlọ àti àbọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n bí kò bá sinmi. Ó ju wákàtí márùn-ún lọ, wákàtí tó kù kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀ kò sì tó mẹ́rin. Kò sí bó ṣe lè yí i tó máa dọ́gba. Ó nílò ẹ̀yìn ènìyàn márùn-ún, mẹ́fà, kò ju bẹ́ẹ̀.

Ó ní fóònù. Fídíò àwọn tó ń tú ẹ̀rọ palẹ̀ ló máa ń wò lórí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kò ní àwòrán, ẹnikẹ́ni kò sì tẹ̀ lé e. Ó jókòó sórí etí ọkọ̀, ó fi ìka kan kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán Chae-rin:

“Èédú inú àwòrán yìí wà nílẹ̀ ní ilé tó ń lo gáàsì. Ilé òkè pátápátá kò ní. Ó ku méjìléláàádọ́fà. Yìnyín ń bọ̀ ní aago mẹ́rin. Ẹni tó bá ní ẹ̀yìn, kó wá. Kò sí ìwé ẹ̀rí, kò sí tíì, ẹ má ya fọ́tò.”

Ó fi fóònù sápò, ó gbé férémù kọ́ ẹ̀yìn. Ó rin ìrìn méjì. Nígbà tó dé láti ìkejì, fóònù ti gbóná nínú àpò rẹ̀. Chae-rin ti pè é lẹ́ẹ̀márùn-ún, ó ń bẹ̀ ẹ́ kó pa á rẹ́. Igba ó lé mẹ́rìnlá ènìyàn ti tẹ ọkàn pupa sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan kọ ọ́ pé omijé bọ́ lójú òun nínú ọkọ̀. Ẹnì kan gbàdúrà gígùn. Ẹnì kan béèrè bóyá wọn yóò tún ṣe é lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, torí ọ̀sẹ̀ yẹn rọ òun lọ́rùn. Àwọn méjì ń bá ara wọn jà lórí bóyá ó yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣì máa jó èédú láyé ìsinsìnyí. Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Mẹ́fà ló wá. Tọkọtaya tó ń ta ẹja lílọ̀ nínú omi ọbẹ̀ nísàlẹ̀ òkè ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, wọ́n sì gbé ike ńlá méjì tó ṣófo dání, irú èyí tí wọ́n ń kó kimchi, ewébẹ̀ kíkan, sí. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ wá. Bàbá kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ti lọ́kọ ń gbé ní ẹ̀yìn òkè náà gan-an, wọn kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé èédú ni wọ́n ń pín níbẹ̀. Wọ́n rò pé fíìmù ni wọ́n máa ń yà. Ẹni kẹfà ni obìnrin kan láti inú ìlà àárọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ìdíkọ̀ mẹ́ta, ó sì fẹsẹ̀ rìn padà. Deok-su dá a mọ̀. Òun ló já èédú mẹ́ta lulẹ̀ láàárọ̀. Deok-su fún un ní okùn, ó fi hàn án bí a ṣe ń so márùn-ún mọ́ ẹ̀yìn kó má fi etí gún ni. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ṣì dúdú níbi tí wọ́n kùn. Nígbà tó fi máa rin ìrìn kejì, òógùn ti fọ èyí tí wọ́n kùn lọ, èyí tó ṣiṣẹ́ fún ló kù.

Ìrìn méjì àtààbọ̀ ni wọ́n rìn, àwọn méje. Nígbà tí yìnyín àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, Deok-su wà nínú àká, ó ń fi ọwọ́ kan ìlà èédú lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ki ènìyàn. Ọgọ́jọ. Lójúmọ́ márùn-ún, oṣù kan ó lé ọjọ́ méjì. Bun-nyeo ṣí ihò afẹ́fẹ́ àdògán sílẹ̀ gbayawu fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà, ó sun ọ̀dùnkún lórí rẹ̀ fún wọn, ilẹ̀ yàrá sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láti ìsàlẹ̀ wá. Wọ́n jókòó lé e pẹ̀lú ẹsẹ̀ ríro. Ìyá àgbà bi obìnrin ìlà àárọ̀ léèrè iye tí wọ́n ń san fún un.

“Wọn kì í san nǹkan kan, mámà.”

“Ká ní wọ́n ń san ni, ọ̀pọ̀ wọn ì bá ti dúró,” Bun-nyeo wí. “Jẹun.”

Chae-rin pa ọ̀rọ̀ Deok-su rẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n àwọn kan ti ya àwòrán rẹ̀, ó sì ń lọ láti ìkànnì dé ìkànnì, tó fi jẹ́ pé kí oṣù tó parí, ọ̀rọ̀ náà lókìkí ju ohunkóhun tí Chae-rin fúnra rẹ̀ kọ rí. Obìnrin náà kò sì gọ̀. Ó mọ ìdẹ tí ẹja ń jẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni àtẹ̀gùn fi wà ní dígí. Nígbà tí ó yọ́, tí ẹgbẹ́ tún pe iṣẹ́, ogún èédú ló kù nínú àká Bun-nyeo. Deok-su wa ọkọ̀ dé ibi ilé ìyàgbẹ́, ó sì rí aṣọ ńlá kan tí wọ́n ta sára ògiri, tí wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ ọ́ sí pé: ẸNI TÓ BÁ NÍ Ẹ̀YÌN, KÓ WÁ. KÒ SÍ ÌWÉ Ẹ̀RÍ, KÒ SÍ TÍÌ, Ẹ MÁ YA FỌ́TÒ. Òjìlúgba ènìyàn ló wá. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ra okùn tuntun, àmì iye owó ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n tò síwájú aṣọ náà, wọ́n so okùn mọ́ èjìká, wọ́n sì ń ya fọ́tò ara wọn níwájú ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n má ya fọ́tò.

Chae-rin sáré wá bá a, inú rẹ̀ ń dùn. “Bàbá Ma, ọ̀rọ̀ yín ló mú wọn wá o. Àyè kún láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá.”

Deok-su wò ó. Ó wo àwọn ènìyàn náà. Ó rò ó láti yí ọkọ̀ padà kó máa lọ sílé. Ó tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ogún èédú, ọjọ́ mẹ́rin ni.

Ní àárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, ó ti rí ibi tí ẹ̀rọ tirẹ̀ ti ní àbùkù. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà láti ọdún pípẹ́ wá, torí ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn dúró sí. Ìlà tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń dá dúró sí, ẹni tó wà lókè ni kò ní rí nǹkan. Tí ó bá jẹ́ òkè ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni àlàfo yóò wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, tí kẹ̀kẹ́ ẹrù kan sì lè dí i. Ó dùn ún pé òun fi ọdún mọ́kànlá wo nǹkan tó rọrùn báyìí láìrí i.

“Tẹ̀ lé mi,” ó wí fún Chae-rin. Ó yí sí àwọn tó kù, ó ní kí gbogbo wọn máa bọ̀ lẹ́yìn òun, kò sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ fún wọn. Wọ́n gòkè pẹ̀lú rẹ̀, òjìlúgba ènìyàn, wọ́n rò pé ibi fọ́tò ni. Ní ẹnu àká Bun-nyeo, ó gbé Chae-rin dúró sínú, ó kọjú rẹ̀ síta. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan èjìká wọn níkọ̀ọ̀kan: ìwọ, níbí, ìwọ, àtẹ̀gùn méjì sísàlẹ̀, kọjú sí i, fi fóònù sápò, ọwọ́ rẹ méjèèjì la fẹ́. Àádọ́rin tán, àtẹ̀gùn ogóje tán. Àwọn tó ṣẹ́kù kò rí ibi dúró sí, wọ́n di ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù.

Èédú àkọ́kọ́ gbéra nídìí ọkọ̀, ó ń yí láti ìbàdí dé ìbàdí, ó dé ọwọ́ Chae-rin. Fóònù rẹ̀ ń gbọ̀n nínú àpò. Ó na ọwọ́ sí i, èkejì ti dé. Ó gbà á. Ẹ̀kẹta ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bun-nyeo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Deok-su,” ó pè sísàlẹ̀, “ṣé ọmọ yìí mọ èédú tò?”

“Kò mọ̀ ọ́n,” Deok-su dáhùn láti ogún àtẹ̀gùn sísàlẹ̀. “Yóò ti mọ̀ ọ́n kó tó pé àádọ́jọ.”